Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Jíìpù Alágbára, Owó tí a Fi Rà á àti Owó tí Yóò Gbà Lẹ́yìn Náà

Ẹ̀kọ́ wa ti ìdá-mẹ́rin ọdún yìí dá lórí ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ lásán, bí kò ṣe àwọn jíìpù ńlá alágbára tí wọ́n ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kó wọlé ní tòkunbọ̀: Porsche Cayenne, Range Rover Sport, BMW X5 onísílíńdà 8, àti Mercedes ML tí wọ́n kọ AMG sí lẹ́yìn.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń wá nídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó máa ń kọ́kọ́ wá. Ó ti fi owó pamọ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti ní ẹ̀tọ́ láti yá ìlọ́po méjì rẹ̀, àwọn onídùúró méjì sì ti bu ọwọ́ lùwé fún un. Bí ọkọ̀ náà bá kú sí ọgbà mẹkáníìkì ní oṣù kẹta, gbèsè kò ní bá a kú. Bí ẹni náà kò bá lè san án mọ́, inú owó àwọn onídùúró ni akápò yóò ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó yẹn lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ onídùúró. Nítorí náà, ẹni tí kò ní í ra jíìpù láéláé pàápàá, bí ó bá lè bu ọwọ́ lùwé fún ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ yìí kàn án.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ohun tí ó wù ú o. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí dára. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú Range Rover lójú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò yóò mọ̀ pé àwọn tí ó ṣe é kò ṣeré. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ iye rẹ̀ tán kí a tó yá owó, nítorí pé iye tí oníṣòwò dá lé e kọ́ ni gbogbo iye rẹ̀.

Ìdí tí owó rẹ̀ fi dà bí pọ́ọ́kú

Ẹ jẹ́ kí a mú Cayenne gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni a óò fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Porsche, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ọkọ̀ eléré, gbé e jáde ní ọdún 2002. Ìlú Leipzig ní Jámánì ni wọ́n ti to ti àkọ́kọ́ pọ̀. Kò dá nìkan wá sáyé: òun, Volkswagen Touareg àti Audi Q7 jọ lo ìpìlẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì wúlò fún wa níwájú. Cayenne Turbo ti àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 8, lítà 4.5, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 450. Ó wọn kílò 2,355, síbẹ̀ láti orí ìdúró, ó ń dé eré 100 kílómítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 5.6. Kí a rò ó wò: ẹrù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Corolla méjì ni ó ń sáré bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbé ẹrù yẹn sáré, òun náà ni yóò jẹ epo, jẹ táyà, jẹ bíréèkì. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀.

Nígbà tí Cayenne Turbo yìí dé ọjà Amẹ́ríkà ní 2003, dọ́là 88,900 ni iye rẹ̀, láì tíì ka àwọn nǹkan tí olówó máa ń fi kún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó rẹ̀ a ti wálẹ̀ débi pé òṣìṣẹ́ olówó oṣù lè máa wò ó. Ibi tí ìtànjẹ ti ń wọlé nìyẹn. Owó ọkọ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Ẹni tí ó ra á ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àkọ́kọ́, ọkọ̀ dọ́là 88,900 ni yóò ṣì máa tún ṣe. Ẹni tí ó sì tà á ní òkè òkun mọ ohun tí ó ń ṣe: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tà á nígbà tí iṣẹ́ ńlá kan ti ń kan ilẹ̀kùn.

Dọ́là tí a dárúkọ yìí tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ dá náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan ṣí kúrò ní bíi ₦470. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Páàtì tí ó jẹ́ dọ́là 400, tí a lè rà ní ₦188,000 tẹ́lẹ̀, di ₦600,000, kò sì sí ẹni tí ó fi kún owó oṣù wa ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo páàtì tí ó pọ̀ káàkiri lè rí ogbó mú kúrò lára òmíràn ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Aráròmí ní Gate n'Ìbàdàn. Ti jíìpù alágbára kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí a bá sì rí, àwọn tí ń tà á mọ̀ pé a kò ní ibòmíràn í lọ.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Nínú gbogbo àìsàn ọkọ̀ wọ̀nyí, ti omi ni a fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ dájú, nítorí pé òun ni ó ń sọ àtúnṣe kékeré di ẹ́ńjìnnì tuntun.

Nínú Cayenne V8 ti 2003 sí 2006, àwọn páìpù tí ń gbé omi gba àárín ẹ́ńjìnnì kọjá, ní abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ibẹ̀ yẹn ni ó gbóná jù. Ike tí ooru ń sè lójoojúmọ́ yóò gbẹ, yóò le koko bí èèpo, yóò sì sán ní ọjọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Omi a tú jáde, a rọ́ sórí sítátà tí ó wà ní kòtò kan náà lábẹ́ rẹ̀, a sì tún lè ba sítátà jẹ́. Oníṣẹ́ yóò ní láti tú òkè ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Àtúnṣe tí ó tọ́ ni kí a pààrọ̀ gbogbo wọn sí páìpù alumíníọ́mù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fi ike rọ́pò ike, tàbí tí ó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sún iṣẹ́ náà síwájú ni. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ra irú Cayenne bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kìíní ni pé: ǹjẹ́ wọ́n ti pààrọ̀ páìpù omi rẹ̀ sí onírin? Bí oníṣòwò kò bá mọ ohun tí a ń sọ, kí a gbà pé wọn kò tíì ṣe é, kí a sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí a óò san. Èyí tí ó tẹ̀ lé e láti 2007, onílítà 4.8, ní àléébù tirẹ̀: gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi mú páìpù kan dúró nínú ilé rẹ̀, ooru sì máa ń tú gọ́ọ̀mù náà.

BMW X5 onílítà 4.8 náà ní páìpù omi kan tí ó gba àárín ẹ́ńjìnnì kọjá, rọ́bà tí ó dí i lẹ́nu a sì máa gbẹ. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́, kí a tú iwájú ẹ́ńjìnnì pátápátá ni, ọjọ́ púpọ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà. Àwọn kan ti ṣe páìpù onígẹ̀ mìíràn jáde tí a lè nà gùn lẹ́yìn tí a bá ti kì í bọ ibẹ̀, èyí sì dín owó iṣẹ́ kù gan-an. Kí ọmọ ẹgbẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí ó tó gbà pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Range Rover onílítà 5.0 náà kún fún páìpù omi oníke níwájú àti lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀.

Àmì rẹ̀ kò farasin. Bí omi bá ń dín láìsí ibi tí ó ń kán sí, bí òórùn kan tí ó dùn mọ́ imú bí ti ṣúgà tí ó ń jóná bá ń jáde lẹ́yìn tí a bá pa ọkọ̀, bí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bá tutù láàárọ̀, kí a má ṣe gbé e rìn títí a ó fi rí ojúkò rẹ̀. Bí ọ̀pá ooru bá lọ sókè lójú ọ̀nà, kí a pa á lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nígbà tí a bá dé ilé. Orí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, alumíníọ́mù ni. Bí ó bá gbóná jù, ó ń tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì a sì jó.

Ohun méjì ni àwọn mẹkáníìkì wa máa ń ṣe tí ó ń dá kún un. Èkíní ni omi kànga tí wọ́n ń bù sínú rédíétọ̀. Kúláǹtì tí ilé iṣẹ́ ní kí a lò, oògùn ìpata wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Omi kànga ní iyọ̀ àti ẹrẹ̀, ó ń jẹ irin láti inú. Kí a má sì da àwọ̀ kúláǹtì kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń yọ tàmósítáàtì dànù pé ilẹ̀ wa gbóná. Ó lè jọ pé ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́. Nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ẹ́ńjìnnì yóò máa rò pé òun kò tíì gbóná tó, yóò sì máa da epo kún epo. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa kò ṣe wá lóore.

Inú ẹ́ńjìnnì

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní àrùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Mercedes AMG onílítà 6.2 tí ó jáde láti 2006, bóòtì tí ó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń dípẹtà, wọ́n a sì já, omi a wá wọ inú sílíńdà. Kí ẹni tí ó ń ra á béèrè bóyá wọ́n ti fi bóòtì tuntun rọ́pò wọn. Range Rover onílítà 5.0, láti nǹkan bí 2010, ṣéènì inú rẹ̀ ni kí a tẹ́tí sí. Láàárọ̀ kùtù, kí a ṣí ẹ́ńjìnnì: bí ó bá ń dún bí ẹni mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ohun tí ń fa ṣéènì le ti ń jẹ. Bí ṣéènì bá fò, fáàfù àti písítìnnì yóò pàdé, ọ̀rọ̀ a di ẹ́ńjìnnì mìíràn.

BMW gbé ẹ́ńjìnnì kan jáde ní 2008 tí ó fi tọ́ọ̀bò méjèèjì sí àárín V ẹ́ńjìnnì, láàrin orí méjèèjì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá ni, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n dá sí àárín ilé. Ooru yẹn ń gbẹ rọ́bà, ń gbẹ wáyà, ó sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mu ọ́ìlì. Ní 2014, BMW fúnra rẹ̀ ṣètò ní Amẹ́ríkà láti máa yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà kan fún àwọn oníbàárà. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní tòkunbọ̀ níbí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Kí ó máa wọn ọ́ìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ti Cayenne V8 ni èyí tí ó burú jù: ara sílíńdà rẹ̀ lè ya. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bí ariwo kékeré, tí-tí-tí, tí ó ń bá eré ẹ́ńjìnnì lọ. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì a máa dín, ẹnu sàléńsà apá kan a dúdú ju èkejì lọ. Kò sí àtúnṣe kékeré fún un. Àfi kí a bọ sílíńdà ní ẹ̀wù irin tuntun ní ilé iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n, tàbí kí a wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ṣùgbọ́n a lè mọ̀ kí a tó sanwó: wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ihò rẹ̀, wọ́n á wo ara sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò tí kò bá gbà kí wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ ti dáhùn ìbéèrè wa.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí kì í dín ní lítà 8, ojúlówó síńtẹ́tíìkì sì ni. Ẹni tí ó bá ń ra ọ́ìlì onílítà 4 fún Corolla rẹ̀ kí ó mọ̀ pé ìlọ́po méjì ni, kì í sì í ṣe irú kan náà.

Rọ́bà afẹ́fẹ́

Cayenne Turbo àti Range Rover Sport kò dúró lórí sípíríìnì onírin. Orí rọ́bà mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni wọ́n dúró lé, ẹ̀rọ kan sì ń fún wọn ní afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fò kòtò bí ẹni pé kò sí kòtò. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni, rọ́bà a sì máa gbó. Ọ̀pọ̀ ni a ti rí tí ó wólẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí táyà rẹ̀ wọ inú ara lọ, bí màlúù tí ó kúnlẹ̀.

Bí ó ṣe ń rí nìyí. Rọ́bà kan yóò kọ́kọ́ lu ihò tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀ lóru. Ní àárọ̀, ẹ̀rọ yóò gbé ọkọ̀ dìde, oníọkọ̀ a sì rò pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ti wá ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Láìpẹ́ yóò jóná. Nígbà yẹn, oníṣẹ́ yóò pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ó jóná, yóò fi rọ́bà tí ó jò sílẹ̀, tuntun náà yóò sì jóná lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Owó méjì ti lọ, àrùn ṣì wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ní alẹ́, kí a fi ìwọ̀n wọn gíga rẹ̀ láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀, kí a tó ṣí i, kí a tún wọ̀n ọ́n. Igun tí ó bá wálẹ̀ ni ó ń jò. Kí a po ọṣẹ mọ́ omi, kí a ta á sí rọ́bà àti orí okùn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó bá ń hó ni ihò wà. Àwọn kan ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá, wọ́n ń fi sípíríìnì onírin sí i. A kò bá wọn jà, bí ó bá jẹ́ sípíríìnì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà gan-an, tí a sì mọ̀ pé kò ní í lè gbéra sókè lójú omi mọ́. Sípíríìnì tí wọ́n gé lára ọkọ̀ mìíràn ni kí a sá fún.

Jíà, ẹsẹ̀ àti wáyà

Wọ́n máa ń sọ pé ọ́ìlì jíà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní pààrọ̀ títí ayé. Kí a má gbà á gbọ́. ZF tí ó ṣe jíà fún BMW àti Range Rover fúnra rẹ̀ ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàrin 80,000 sí 120,000 kílómítà. Ayé ọkọ̀ tí olówó àkọ́kọ́ ń sọ, ó parí nígbà tí ó tà á fún wa.

Bí Cayenne bá ń lu ilẹ̀ lábẹ́ bí ẹni fi òòlù gbá irin, pàápàá nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kí a wo rọ́bà tí ó mú bẹ́árìn àárín pòrópẹ́là dúró. Òun ni ó máa ń ya. Ibí yìí ni ìbátan tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wúlò sí: Touareg náà ní irú ètò yẹn, a sì lè rí ti Volkswagen tí ó bá a mu ní owó tí kò tó ti Porsche.

Táyà ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ̀, 255/55 R18 ni ó kéré jù lára Turbo, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a sì gbọ́dọ̀ jọ rà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń fà. Bí méjì bá jẹ́ tuntun tí méjì sì ti jẹ tán, wọn kò ní í yí bákan náà, ẹ̀rọ tí ó pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi táyà ogbó kan kan sí i ń fi ẹ̀gbẹ̀rún ra ọgọ́rùn-ún.

Ní ti wáyà, ohun méjì péré. Bátìrì Cayenne wà lábẹ́ àga awakọ̀. Ihò tí omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ọkọ̀, eruku ọyẹ́ àti ewé a máa dí i. Omi a wá wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi tí wáyà àti àpótí kọ̀ǹpútà wà. Kí a máa fi afẹ́fẹ́ fọ́n ihò náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, bí iná ìkìlọ̀ mẹ́fà bá jọ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí a kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò kí ẹnikẹ́ni tó ta kọ̀ǹpútà fún wa. Bátìrì tí kò lágbára ń jẹ́ kí ọkọ̀ wọ̀nyí máa pariwo àrùn tí kò ṣe wọ́n.

Ìṣirò

Cayenne Turbo ti 2004 ń mu nǹkan bí lítà 18 fún 100 kílómítà bí a bá da ìlú pọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ó ń kọjá 21. Epo onípele 98 ni ilé iṣẹ́ sì ṣe é fún. Corolla ń mu bíi lítà 8. Bí ènìyàn bá ń rin 60 kílómítà lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù, 1,320 kílómítà nìyẹn. Turbo yóò mu lítà 237.6, Corolla yóò mu 105.6. Lítà 132 ni ó fi ju ara wọn lọ lóṣù kan. Títí di oṣù karùn-ún 2023, tí lítà epo kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyàtọ̀ náà kò tó ₦27,000. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ ìrànwọ́ epo, ó fò kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí yóò sì fi di ìparí 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ibi púpọ̀. Ní ₦1,000, ìyàtọ̀ yìí nìkan di ₦132,000 lóṣù, ₦1,584,000 lọ́dún. Kò tíì sí àtúnṣe kankan níbẹ̀ o.

Ìbánigbófò náà wà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, èyí tí ó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni di ₦15,000 láti ₦5,000. Èyí tí ó bo gbogbo ewu kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Fún ọkọ̀ tí a yá owó ẹgbẹ́ rà, a rò pé èyí tí ó bo gbogbo ewu ni kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa béèrè fún.

Èrò tiwa ni pé kí ẹni tí ó bá ra irú jíìpù yìí ní tòkunbọ̀ ya ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ó fi rà á sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọdún kìíní. Bí kò bá ní i lẹ́yìn tí ó ti san owó ọkọ̀ tán, owó ọkọ̀ náà kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sì ti mọ mẹkáníìkì tí ó ní kọ̀ǹpútà tí ó ń ka irú ọkọ̀ náà gan-an kí ó tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá kú. Kí oníṣẹ́ yẹn yẹ̀ ẹ́ wò ní tútù, kí ẹ́ńjìnnì má tíì gbóná. Oníṣòwò tí ó ti ṣí ọkọ̀ sílẹ̀ kí a tó dé ní ohun tí kò fẹ́ kí a gbọ́. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà onílẹ́tà 17 tí ó wà lára ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi wé ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì fi wá ìtàn ọkọ̀ náà, bóyá ó ti wọ omi tàbí ó ti ní jàǹbá rí.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ ṣe ìṣirò yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦3,000,000 nípamọ́, ó fẹ́ yá ₦6,000,000 sí i láti ra Cayenne kan ní ₦9,000,000. Oṣù 24 ni yóò fi san án, ₦250,000 lóṣù, kí a tó ka èlé. Epo rẹ̀ jẹ́ ₦237,600. Ìbánigbófò ₦450,000 lọ́dún jẹ́ ₦37,500 lóṣù. Owó àtúnṣe tí a ní kí ó yà sọ́tọ̀, ₦1,800,000, jẹ́ ₦150,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦675,100 lóṣù. Kí a fi èlé ẹgbẹ́ wa kún un, kí a tún un ṣe fún Corolla tí iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí a sì bi ẹni méjì nínú ìpàdé pé, pẹ̀lú owó oṣù tí wọ́n mọ̀ pé ẹni náà ń gbà, ǹjẹ́ wọn yóò bu ọwọ́ lùwé fún un? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn wọn àti ìdí tí wọ́n sọ sínú ìwé ìpàdé.